Charles Young: Ẹni tó la ọ̀nà gun òkè Sequoia, tí ọlọ́jọ́ sì dé bá l'Ékòó

Ọdọọdún nígbà ooru ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún arìnrìn-àjò máa ń wa mọ́tò gun òkè Sierra Nevada ní ìpínlẹ̀ California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láti lọ wo àwọn igi sequoia, irú igi tó tóbi jù lọ láyé. Díẹ̀ nínú wọn ló mọ̀ pé ọmọ ẹrú ni ọ̀gá ológun tó parí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀. Díẹ̀ nínú àwọn ará Èkó náà ló sì mọ̀ pé ìlú wọn ni ọkùnrin náà kú sí. Charles Young lorúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ 12, oṣù kẹta, ọdún 1864 ni wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ Kentucky. Ẹrú ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Gabriel, bàbá rẹ̀, fi sá mọ́ olówó rẹ̀ lọ́wọ́, tó sì lọ wọṣẹ́ ológun ìjọba àpapọ̀. Ẹbí náà wá kó lọ sí Ripley, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ní 1884, Charles wọ ilé ẹ̀kọ́ ológun West Point. Ojú rẹ̀ rí màbo níbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni kì í bá a sọ̀rọ̀. Ó fara dà á, ó sì di aláwọ̀ dúdú kẹta tó gboyè jáde níbẹ̀, ní 1889. Ọdún 1936 ni ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Àwọn ológun ló ń ṣọ́ àwọn ọgbà ìjọba àpapọ̀ láyé ìgbà náà. Ní 1903, wọ́n fi Young ṣe alábòójútó onígbà díẹ̀ fún ọgbà Sequoia àti ọgbà General Grant. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé irú ipò bẹ́ẹ̀. Òun àti àwọn ajagun ẹlẹ́ṣin rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀, fi ọjọ́ 16 gẹṣin láti San Francisco dé ibẹ̀.

Ó ti pé ọdún 13 tí ìjọba dá ọgbà Sequoia sílẹ̀, síbẹ̀ kẹ̀kẹ́ kankan kò lè dé Giant Forest, níbi tí àwọn igi ńlá náà pọ̀ sí. Ọ̀nà tí àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú kò tíì dé òkè. Young àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbẹ́ ara òkè náà lọ. Nígbà tó fi máa di àárín oṣù kẹjọ, kẹ̀kẹ́ ti ń wọ inú igbó náà. Wọn kò dúró níbẹ̀, wọ́n fa ọ̀nà náà dé ẹsẹ̀ àpáta Moro Rock. Iṣẹ́ ìgbà ooru kan yẹn ju èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún mẹ́ta tó ṣáájú lọ.

Inú àwọn ará àdúgbò dùn, wọ́n fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sọ igi kan. Young kò gbà. Ó ní kí wọ́n dúró di 20 ọdún sí i, bóyá wọn yóò ṣì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ Booker T. Washington ni wọ́n fi sọ igi náà.

Ó ṣiṣẹ́ ní Liberia lẹ́yìn náà, ó sì jagun ní Mexico ní 1916. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní ní 1917, ipò ọ̀gágun ti ń sún mọ́ ọn. Àwọn dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ ọ́ lẹ́nu, ni wọ́n bá fẹ̀yìn rẹ̀ tì. Ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú gbà pé torí kí òyìnbó má baà ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ni. Ní oṣù kẹfà, ọdún 1918, Young gun ẹṣin láti Wilberforce, ní Ohio, dé Washington, ìrìn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500 máìlì, kó lè fi hàn pé ara òun le. Ọjọ́ 16 náà ló tún gbà á. Ọjọ́ kẹfà, oṣù kọkànlá ni wọ́n tó dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Ogun ku ọjọ́ márùn-ún kó parí.

Ní 1920, ó tún padà sí Liberia. Ibẹ̀ ló ti rìnrìn àjò iṣẹ́ wá sí Nàìjíríà, tí àrùn kíndìnrín fi dá a dúró. Ó kú l'Ékòó ní ọjọ́ kẹjọ, oṣù kìíní, ọdún 1922, lẹ́ni ọdún 57. Àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì sin ín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n hú òkú rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì tún un sin sí Arlington ní ọjọ́ kìíní, oṣù kẹfà, ọdún 1923. Ogún ọdún tó dá fún àwọn ará Sequoia pé ní ọdún náà gan-an.

Ọ̀rúndún yìí ni igi kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú igbó náà. Ní 2022, àwọn ológun Amẹ́ríkà fi í joyè ọ̀gágun tí wọ́n fi dù ú nígbà ayé rẹ̀. Láti 1926 ni ọ̀nà títì mìíràn ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èyí tí Young parí, ṣùgbọ́n ọ̀nà àtijọ́ náà kò pa rẹ́. Àwọn tó fẹ́ràn òkè ṣì ń fẹsẹ̀ rìn ín.