George Hale: Ọkùnrin tó rí òòfà lára oòrùn láti ilẹ̀ ayé

Kò sí ẹni tó lè tẹjú mọ́ oòrùn kó pẹ́, ká má tiẹ̀ wá sọ pé kó sún mọ́ ọn kó fọwọ́ kàn án. Síbẹ̀, ní ọdún 1908, ọkùnrin kan fi hàn gbogbo ayé pé agbára òòfà, irú èyí tó ń darí abẹ́rẹ́ kọ́ḿpáàsì, ń bẹ lójú oòrùn. George Ellery Hale lorúkọ rẹ̀.

Ìlú Chicago, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹfà, ọdún 1868. Ọlọ́rọ̀ ni bàbá rẹ̀; lífítì, ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn lọ sókè ilé alájà púpọ̀, ló ń ṣe tà. Nígbà tí bàbá yìí rí i pé oòrùn ló gba ọkàn ọmọ òun, kò ṣahun sí i rárá, ó kọ́ ilé tí yóò ti máa wo ojú ọ̀run fún un nínú ọgbà wọn. Hale ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ gíga MIT lọ́dún 1889 nígbà tó ronú kan ẹ̀rọ tó ń fi àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo ya fọ́tò oòrùn.

Ní ọdún 1904, ó dá ibùdó ìwádìí sílẹ̀ lórí òkè Mount Wilson, ní California. Ó ti pẹ́ táwọn ènìyàn ti ń rí àmì dúdú lójú oòrùn, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ohun tó fà á. Nínú fọ́tò tí Hale yà lọ́dún 1908, ó rí afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń fẹ́ yí àmì náà ká bí ìjì. Ó rò ó pé bí ohun tó ní iná mànàmáná nínú bá ń yí bẹ́ẹ̀, òòfà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe fìdí rẹ̀ múlẹ̀, nígbà tí oòrùn jìnnà sí wa tó mílíọ̀nù 150 kìlómítà?

Ìmọ́lẹ̀ ló dá a lóhùn. Ní ọdún 1896, Pieter Zeeman, ọmọ orílẹ̀-èdè Netherlands, ti rí i pé bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ibi tí òòfà wà jáde, ìlà kan nínú àwọ̀ rẹ̀ máa ń pín sí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí èèyàn bá wò ó láti apá ibi tí òòfà náà dojú kọ, ìmọ́lẹ̀ ìlà kan ń yí sọ́tùn-ún bó ti ń bọ̀, ti èkejì ń yí sósì. Hale rí ìlà tó pín bẹ́ẹ̀ nínú àmì dúdú náà. Ó wá fi òkúta dídán kan, tó lè ya ìmọ́lẹ̀ méjèèjì sọ́tọ̀, sójú ọ̀nà wọn. Bó ṣe yí òkúta náà, ìlà kan ṣókùnkùn, èkejì parẹ́. Ó tún un yí, wọ́n sì pààrọ̀ ipò. Ẹ̀rí dé nìyẹn. Agbára òòfà náà tó nǹkan bíi 3,000 gauss, bẹ́ẹ̀ ti ilẹ̀ ayé kò tó 1. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni yóò rí òòfà níbòmíràn yàtọ̀ sí ayé wa.

Iṣẹ́ àṣekúdórógbó kò jẹ́ kí ara Hale gbádùn. Àìróorunsùn àti ẹ̀fọ́rí dà á láàmú, ọpọlọ rẹ̀ sì rẹ̀ ẹ́ títí tó fi di dandan fún un láti máa pa iṣẹ́ tì lóòrèkóòrè. Síbẹ̀, òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló rí i pé òòfà àwọn àmì dúdú náà máa ń dorí kodò ní nǹkan bí ọdún 11 sí ara wọn. Nígbà tó di 1923, ó fi ipò olùdarí Mount Wilson sílẹ̀ nítorí àìlera.

Kò tíì sinmi náà. Lọ́dún 1928, ó rí mílíọ̀nù 6 dọ́là gbà fún awò ńlá tó fẹ̀ ní íǹṣì 200, èyí tí wọn yóò máa fi wo ìràwọ̀. Kò rí ìparí rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 21, oṣù Kejì, ọdún 1938, lẹ́ni ọdún 69. Lọ́dún 1948 tí wọ́n ṣí awò náà, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pè é.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń béèrè ohun tí ìwádìí yìí wúlò fún, kó rántí ọjọ́ 13, oṣù Kẹta, ọdún 1989, nígbà tí ìjì tó ti ara oòrùn wá sọ nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 ènìyàn ní Quebec, lórílẹ̀-èdè Kánádà, sínú òkùnkùn. Òòfà inú oòrùn ló ń fa irú ìjì bẹ́ẹ̀. Títí di òní, ọ̀nà tí Hale là sílẹ̀, ìyẹn wíwo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yí, làwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣì fi ń ṣọ́ ọ.