Ìtàn Ìgbésí Ayé Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì (1900–1978)

Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá nílé àti lẹ́yìn odi, orúkọ Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ ọ́n sí ìyá Fẹlá olórin. Àwọn mìíràn sì mọ̀ ọ́n nítorí fíìmù tí Bọ́láńlé Austen-Peters ṣe nípa rẹ̀, èyí tí a fi hàn ní àwọn ilé sinimá ní ọdún 2024. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìgbésí ayé ìyá yìí tí ó kan àwa ẹlẹ́gbẹ́ ìlọsíwájú ìlú ju gbogbo ìyókù lọ. Ohun náà ni bí ó ti sọ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé díẹ̀ di ẹgbẹ́ gbogbo ìlú, àti bí ẹgbẹ́ náà ti dìde láti dáàbò bo ohun-ìní àwọn tí kò ní alágbàwí.

A bí i ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 1900. Daniel Thomas ni baba rẹ̀, Lucretia sì ni ìyá rẹ̀. Ìran àwọn tí a kó lẹ́rú tí wọ́n sì tún padà rí ilé ni baba rẹ̀ ti wá. Nígbà tí Ilé-Ẹ̀kọ́ Gírámà Abẹ́òkúta, tí a dá sílẹ̀ ní 1908, kọ́kọ́ gba àwọn ọmọbìnrin wọlé, ó wà lára wọn. Ní 1919 àwọn òbí rẹ̀ rán an lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kàwé sí i. Nígbà tí ó padà dé ní 1922, kò jẹ́ Frances Abigail tí a fi ṣe ìrìbọmi fún un mọ́. Fúnmiláyọ̀ ni ó ní kí gbogbo ènìyàn máa pe òun, ó sì ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1925 ó fẹ́ Alùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, tí í ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà náà. Ilé olórin ni ó wọ̀. Baba ọkọ rẹ̀, Alùfáà J. J. Ransome-Kútì, ni ó fi ohùn Yorùbá kọ orin ìsìn tí ilé-iṣẹ́ Zonophone sì gba ohùn rẹ̀ sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ọkọ rẹ̀ náà kì í ṣe ẹni kékeré. Òun ni ó kọ́kọ́ jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà ní 1931.

Ní 1932 tí a fi ọkọ rẹ̀ ṣe ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́ Gírámà Abẹ́òkúta, tọkọtaya náà padà sílé. Ní ọdún náà gan-an ni ìyá yìí kó àwọn ìyáàfin tí ó mọ̀wé jọ, tí wọ́n dá Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyáàfin Abẹ́òkúta sílẹ̀. Ẹgbẹ́ rere ni. Wọ́n ń kọ́ ara wọn ní iṣẹ́ ọwọ́ àti ìtọ́jú ilé, wọ́n sì ń ṣe ìtọrẹ àánú. Ṣùgbọ́n aya alùfáà, aya olùkọ́ àti aya akọ̀wé ni ó pọ̀ nínú rẹ̀. Ìyá aláró tí ń pa aṣọ láró ní Ìtòkú, àti ìyá tí ń ru ìrẹsì wá sí ọjà láti oko, kò ní ìjókòó níbẹ̀.

Ohun kékeré ni ó yí ọ̀rọ̀ náà padà. Obìnrin ọlọ́jà kan fẹ́ mọ̀wé kà, a sì mú un wá sọ́dọ̀ ìyá yìí. Nígbà tí yóò fi di 1944, ẹgbẹ́ ti ń kọ́ àwọn ọlọ́jà ní ìwé kíkà. Níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní a b d ni àwọn olùkọ́ náà ti wá kọ́ ẹ̀kọ́ tiwọn, nítorí àwọn ọlọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí tú àṣírí ohun tí ojú wọn ń rí. Ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́, oúnjẹ wọ́n, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń dá àwọn obìnrin lọ́nà, wọ́n ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú ẹ̀tàn pé àṣẹ ni. Ẹni tí ó bá mọ ọjà mọ̀ pé àpò ìrẹsì kan lè jẹ́ gbogbo owó ìdókòwò obìnrin, owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀, àti owó èsúsú tí ó jẹ. Bí a bá gbà á, ilé rẹ̀ ni a wó. Ìyá yìí àti ẹgbẹ́ rẹ̀ mú ẹjọ́ náà tọ àwọn aláṣẹ lọ, wọ́n sì gbé e sínú ìwé ìròyìn, títí tí a fi dẹ́kun gbígba ìrẹsì náà.

Láti ìgbà náà ni ó ti hàn sí i pé ẹgbẹ́ tí ń ṣe àánú fún ènìyàn yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ tí ń jókòó pẹ̀lú ènìyàn. Ní 1946 a yí orúkọ ẹgbẹ́ padà sí Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, a sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀mọ̀wé àti púrúǹtù, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí àti abọ̀rìṣà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ni ó wọlé. Ìyá yìí bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, ó ń ró ìró, ó ń wé gèlè bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Yorùbá ni ó sì ń sọ ní gbangba, àní níwájú àwọn aláṣẹ òyìnbó. Ẹni tí kò bá gbọ́ a wá ògbufọ̀.

Owó orí ni ìjà tí ó tóbi jù. Láti 1918, ọdún tí Ogun Adúbí jà nítorí owó orí kan náà, ni a ti ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá lọ́tọ̀ sí ti ọkọ wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì ní ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ tí ń ná owó náà. Akódà a máa wọ inú ilé obìnrin láti mú ẹni tí kò bá san. Ẹgbẹ́ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n gba agbẹjọ́rò, ìyá yìí fúnra rẹ̀ sì kọ̀ láti san owó orí, a sì fa á lọ sí ilé-ẹjọ́.

Nígbà tí ìwé kò mú nǹkan jáde, orin bọ́ sí i. Ní àkókò kan náà tí Hubert Ògúǹdé ará Òṣóṣà ń fi eré orí ìtàgé bá ìjọba òyìnbó wí, àwọn obìnrin Ẹ̀gbá sọ iwájú Ààfin Aké di ìtàgé tiwọn. A kò fún wọn ní ìwé àṣẹ láti wọ́de; wọ́n ní àwọn kò wọ́de, ọdún àti fàájì ni àwọn ń ṣe. Ní òpin ọdún 1947 àwọn obìnrin tí ó lé ní 10,000 tú jáde, wọ́n sùn, wọ́n jí síwájú Ààfin, wọ́n ń fi orin tí wọ́n dá fúnra wọn sọ ẹ̀dùn ọkàn wọn. Wọ́n ti kọ́ ara wọn ní bí a ṣe ń yẹra fún èéfín tajútajú ọlọ́pàá. Wọlé Ṣóyínká, tí ìyá rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ náà, jẹ́ ọmọdé tí ń jíṣẹ́ fún wọn nígbà náà. Ó sì kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé Aké tí ó jáde ní 1981.

Ní 1948 a dá owó orí obìnrin dúró. Ní oṣù Keje ọdún náà, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, tí ó ti wà lórí oyè láti 1920, kúrò ní ìlú lọ sí Òṣogbo, nítorí pé àwọn olóyè pẹ̀lú ti dara pọ̀ mọ́ àwọn obìnrin. A kò sọ èyí láti tàbùkù Kábíyèsí. Ìjọba òyìnbó ni ó kó gbogbo agbára lé ọba kan ṣoṣo lórí, lòdì sí ìṣe Ẹ̀gbá, tí gbogbo ìbínú ìlú fi dà lé e lórí. Ọba náà padà sórí oyè ní oṣù Kejìlá ọdún 1950, ó sì wà níbẹ̀ títí tí ó fi wàjà ní 1962.

Òkìkí ìyá yìí kàn kọjá Ẹ̀gbá. Ní 1947 òun nìkan ni obìnrin nínú àwọn aṣojú tí ẹgbẹ́ NCNC rán lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ rẹ̀ kú ní 1955, ṣùgbọ́n kò jókòó. Yunifásítì Ìbàdàn fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ní 1968, ìjọba Rọ́ṣíà sì fún un ní ẹ̀bùn àlàáfíà Lenin ní 1970.

Ó ṣe ni láàánú pé ẹni tí ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ dáàbò bo ohun-ìní ẹlòmíràn kò rí ẹni dáàbò bo tirẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1977, àwọn ọmọ ogun ya wọ ilé ìdílé rẹ̀ tí Fẹlá ń gbé ní Èkó. Wọ́n lu àwọn tí ó wà níbẹ̀, wọ́n ju ìyá ẹni ọdún 76 láti ojú fèrèsé òkè, wọ́n sì dáná sun ilé náà. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ní ọmọ ogun tí a kò mọ̀ ni ó ṣe é. Ìdílé náà pe ìjọba lẹ́jọ́, wọn kò sì rí nǹkan gbà. Ìyá náà kò bọ́ nínú ìpalára yìí; ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 1978.

Abẹ́òkúta ni a gbé òkú rẹ̀ wá, a sì tẹ́ ẹ sí ibojì kan náà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ ìsìnkú náà àwọn ọlọ́jà ti ìsọ̀ wọn jákèjádò ìlú. Ẹni tí ń jẹ oúnjẹ òòjọ́ kì í ṣàdédé ti ìsọ̀; ẹni tí ó bá bá a pín ìyà ni ó ń ṣe é fún.

Ẹ̀yin ẹlẹ́gbẹ́ mi, ilé àti ilẹ̀ àwọn ènìyàn wa ṣì wà nínú ewu lónìí, bí ìrẹsì ìgbà náà ti wà. Opó tí kò mọ̀wé ni a ń fi ìwé tàn jẹ lórí ilẹ̀ ọkọ rẹ̀. Ìyá aláró ni a ń lé kúrò ní ibi tí ó ti ń pa aṣọ. Ẹgbẹ́ wa ń dáwó, a ń kọ́lé, a ń fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ẹ̀bùn. Iṣẹ́ rere ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bi ara wa léèrè bóyá àwọn tí à ń ṣe é fún ní ìjókòó nínú ìpàdé wa. Ní 1932 wọn kò ní i. Ní 1946 ìyá Ransome-Kútì fún wọn ní i, láàárín ọdún méjì sì ni wọ́n gba ẹrù orí wọn sọ̀ kalẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwa náà lè ṣí ilẹ̀kùn.