Nikolai Vavilov

Nikolai Ivanovich Vavilov (25 Oṣù Kọkànlá ọdún 1887 – 26 Oṣù Kìíní ọdún 1943) jẹ́ onímọ̀ ewéko àti onímọ̀ jẹ́nẹ́tíìkì ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ó di ìlúmọ̀ọ́ká nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí orírun àwọn ohun ọ̀gbìn, àti nítorí àkójọ irúgbìn tí ó dá sílẹ̀ ní ìlú Leningrad, èyí tí ó tóbi jùlọ ní àgbáyé ní ìgbà ayé rẹ̀. Lára àwọn ohun ọ̀gbìn tí ó ṣe ìwádìí lé lórí ni àgbàdo wà, pẹ̀lú teosinte, ìyẹn koríko ìgbẹ́ tí ó bá àgbàdo tan. Inú ẹ̀wọ̀n ni ó kú sí ní àkókò ìjọba Joseph Stalin.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́

Ìlú Moscow ni a bí Vavilov sí. Bàbá rẹ̀ ti abúlé tálákà kan wá, níbi tí irè oko kì í sábà ṣe déédéé, kí ó tó di oníṣòwò aṣọ ní Moscow. Vavilov kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún nígbà tí ìyàn ńlá ọdún 1891 sí 1892 pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Àbúrò rẹ̀, Sergei Vavilov, di gbajúmọ̀ onímọ̀ físíìsì.

Vavilov kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Moscow ní ọdún 1911. Ní ọdún 1913 ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ William Bateson, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ tan ẹ̀kọ́ Gregor Mendel kálẹ̀. Mendel ti fi hàn pé àbùdá tí irúgbìn jogún kì í parẹ́ bí ó tilẹ̀ fara sin fún ìran kan. Ó lè tún yọjú lára ọmọ-ọmọ. Orí ìpìlẹ̀ yìí ni gbogbo iṣẹ́ Vavilov dúró lé.

Ogun Àgbáyé Kìíní ni ó dá a padà sílé. Ní ọdún 1916, wọ́n rán an lọ sí ilẹ̀ Páṣíà, níbi tí òòyì ti ń kọ́ àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹ búrẹ́dì. Ó rí i pé èso koríko olóró kan ti dàpọ̀ mọ́ àlìkámà tí wọ́n ń lọ̀. Ó ti ibẹ̀ kọjá sí òkè Pamir láti ṣa irúgbìn jọ. Ní ọdún 1917 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìlú Saratov, ìlú tí yóò tún padà sí lọ́nà mìíràn. Ibẹ̀ ni ó wà ní ọdún 1920 nígbà tí ó gbé èrò kan kalẹ̀ pé àwọn ewéko tí wọ́n bá ara wọn tan a máa ní irú àbùdá kan náà. Nítorí náà, bí a bá rí àbùdá kan lára ẹ̀yà kan, ó yẹ kí a wá irú rẹ̀ lọ sára ìbátan rẹ̀, ì báà jẹ́ ti oko tàbí ti ìgbẹ́.

Orírun àwọn ohun ọ̀gbìn

Láti ọdún 1921 ni Vavilov ti ń darí ẹ̀ka ìwádìí ewéko ní Petrograd, ìlú tí wọ́n sọ ní Leningrad lẹ́yìn náà. Ìyàn mìíràn ń jà ní etí odò Volga ní ọdún náà. Vavilov gbà pé ohun tí yóò gba àgbẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀dá, òtútù àti àrùn ti wà níbì kan lórí ilẹ̀ ayé, lára ẹ̀yà irúgbìn tí àwọn àgbẹ̀ ìbílẹ̀ ti ń gbìn láti ayébáyé. Iṣẹ́ tí ó kù ni kí ènìyàn lọ wá a.

Òun fúnra rẹ̀ lọ. Ó dé Afghanístàn ní ọdún 1924, ó dé Etiópíà ní ọdún 1927, ó sì dé Ṣáínà, Jàpáánù àti Kòríà ní ọdún 1929. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1926, ó sọ pé ibi tí ẹ̀yà ohun ọ̀gbìn kan bá ti pọ̀ jùlọ ni ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ orírun rẹ̀. Ibi márùn-ún ni ó kọ́kọ́ tọ́ka sí, kí ó tó fi òmíràn kún un lẹ́yìn náà. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó rí bí ó ti rò: ẹ̀yà àlìkámà àti ọkà báálì pọ̀ gan-an ní Etiópíà, ṣùgbọ́n ìlà-oòrùn Mẹditaréníà ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Síbẹ̀, àwòrán ilẹ̀ tí ó yà ni àwọn onímọ̀ ṣì ń tún ṣe títí di òní.

Mẹ́síkò, àgbàdo àti teosinte

Sergei Bukasov, ọ̀kan nínú àwọn tí ó bá Vavilov ṣiṣẹ́, ti kó irúgbìn ní Mẹ́síkò láti ọdún 1925. Vavilov fúnra rẹ̀ dé ibẹ̀ ní ọdún 1930, ó sì dé Guatẹmálà pẹ̀lú. Ní ọdún 1932 sí 1933 ó tún padà sí ìhà yẹn, ó sì kọjá sí Pérù, Bòlífíà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Gúúsù Amẹ́ríkà.

Ní Mẹ́síkò, ó bá àgbàdo oríṣiríṣi: funfun, pupa, dúdú, èyí tí ń tètè gbó àti èyí tí ń pẹ́ lóko, èyí tí ó gba orí òkè tútù àti èyí tí ó gba pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbígbóná. Ó tún bá teosinte, tí ń hù ní etí oko àti láàárín àgbàdo gan-an. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní gbà pé ìbátan àgbàdo ni, nítorí ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀, orí rẹ̀ kéré bí ìka ọwọ́, èso inú rẹ̀ kì í sábà ju méjìlá lọ, èèpo líle sì bo èso kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n teosinte àti àgbàdo a máa gba lẹ́búlẹ́bú ara wọn, ọmọ tí wọ́n bá sì bí a máa so èso. Nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1931, Vavilov tọ́ka sí Mẹ́síkò àti Àárín Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí ilé àgbàdo. Ìwádìí jẹ́nẹ́tíìkì òde òní ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀: ní àfonífojì odò Balsas, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Mẹ́síkò, ni àwọn àgbẹ̀ ti sọ teosinte di àgbàdo ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn. Àgbàdo tí a fi ń ṣe ògì àti ẹ̀kọ nílẹ̀ Yorùbá, ìran ibẹ̀ ni. Òkun ni ó gbà dé.

Ní ọdún 1940, nǹkan bí 250,000 oríṣi irúgbìn ni ó wà ní àkójọ náà. Kì í ṣe ohun tí a lè tì mọ́ àpótí kí a gbàgbé. Irúgbìn a máa kú bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, nítorí náà a gbọ́dọ̀ máa tún un gbìn kí a sì máa kó tuntun. Ti àgbàdo tún le ju ti àlìkámà lọ, nítorí afẹ́fẹ́ a máa gbé lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ láti orí igi kan dé ara òmíràn. Bí a bá gbin ẹ̀yà méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn láìṣọ́ wọn, èyí tí a ń dáàbò bò yóò ti di àdàlù kí ìkórè tó dé.

Àríyànjiyàn pẹ̀lú Lysenko

Trofim Lysenko jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ láti Ukréìn tí ó sọ pé òun lè mú irè oko pọ̀ láàárín ọdún díẹ̀. Vavilov wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ yìn ín. Lẹ́yìn náà ni Lysenko kọ ẹ̀kọ́ Mendel sílẹ̀ pátápátá, tí ó sì ń sọ pé bí a bá ti tọ́ irúgbìn ni àbùdá rẹ̀ yóò ṣe yí padà. Ìṣọ̀kan Sófíẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìyàn ọdún 1932 sí 1933 ni. Ìlérí kíákíá dùn létí ìjọba ju iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún lọ. Ní ọdún 1935 Stalin yìn ín ní gbangba, ní ọdún kan náà ni a sì yọ Vavilov kúrò ní ipò ààrẹ Akadẹ́mì Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Lenin. Lysenko gorí àga náà ní ọdún 1938.

Àgbàdo wà nínú ohun tí wọ́n jà lé lórí. Ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ ti ń fi lẹ́búlẹ́bú igi àgbàdo bọ́ igi náà fúnra rẹ̀ fún ìran mélòó kan, títí àbùdá rẹ̀ yóò fi dọ́gba. Igi bẹ́ẹ̀ a máa rù, a sì máa kúrú. Ṣùgbọ́n bí a bá fi irú méjì bẹ́ẹ̀ bára wọn lò, ọmọ wọn a máa lágbára ju àwọn òbí lọ. Vavilov fẹ́ kí orílẹ̀-èdè rẹ̀ lo ọ̀nà yìí. Lysenko ta kò ó, nítorí pé bí ó bá gbà á, ó ti gba Mendel nìyẹn.

Ìfàṣẹ́mú àti ikú

Ní ọdún 1939, a yan Vavilov ní ààrẹ àpéjọ àgbáyé àwọn onímọ̀ jẹ́nẹ́tíìkì ní Edinburgh, ṣùgbọ́n ìjọba kò jẹ́ kí ó lọ. Ní 6 Oṣù Kẹjọ ọdún 1940, ó ń ṣa irúgbìn ní ìwọ̀-oòrùn Ukréìn nígbà tí àwọn agbófinró wá mú un. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni amí ṣíṣe àti bíba iṣẹ́ àgbẹ̀ orílẹ̀-èdè jẹ́. Lẹ́yìn oṣù mọ́kànlá nínú àtìmọ́lé, wọ́n dájọ́ ikú fún un ní Oṣù Keje ọdún 1941. Wọ́n yí i padà sí ẹ̀wọ̀n ogún ọdún ní ọdún 1942.

Saratov ni wọ́n gbé e lọ, ìlú tí ó ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n rí. Aya rẹ̀, Yelena Barulina, àti ọmọ wọn Yuri ń gbé ní ìlú náà lẹ́yìn tí ogun lé wọn kúrò nílé, láìmọ̀ pé ó wà nítòsí wọn. Àìrí oúnjẹ jẹ ni ó pa á ní 26 Oṣù Kìíní ọdún 1943, ní ẹni ọdún 55. Ibojì àpapọ̀ ni wọ́n sin ín sí. Ẹgbẹ́ Royal Society ti ìlú London ti yàn án gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ láti òkèèrè ní ọdún 1942.

Àkójọ irúgbìn nígbà ìdótì Leningrad

Àwọn ọmọ ogun Jámánì dó ti Leningrad láti Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1941 títí di Oṣù Kìíní ọdún 1944. Àwọn òṣìṣẹ́ Vavilov wà nínú ilé tí ó kún fún ìrẹsì, àgbàdo, ẹ̀pà àti àlìkámà, inú òtútù, láìsí oúnjẹ. Wọn kò jẹ àkójọ náà. Alexander Shchukin, tí ń tọ́jú ẹ̀pà, kú lẹ́nu iṣẹ́. Dmitri Ivanov, tí ń tọ́jú ìrẹsì, kú. Liliya Rodina, onímọ̀ ọkà oat, kú. Àwọn mìíràn kú pẹ̀lú wọn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú irúgbìn náà la ogun já.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀

Ní ọdún 1955, ilé ẹjọ́ gíga Sófíẹ̀tì fagi lé ìdájọ́ tí a ṣe fún Vavilov. Ní ọdún náà gan-an ni ìjọba Nikita Khrushchev bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò láti ra irúgbìn àgbàdo aládàpọ̀ ẹ̀yà láti ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà. Agbára Lysenko kò tán títí Khrushchev fi kúrò lórí oyè ní ọdún 1964.

Ní Mẹ́síkò, ilé ìtọ́jú irúgbìn ti CIMMYT ń pa oríṣi àgbàdo tí ó lé ní 25,000 mọ́, pẹ̀lú teosinte. Ilé iṣẹ́ ìwádìí tí Vavilov darí, tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ láti ọdún 1967, ṣì wà ní ìlú kan náà, tí ó ti padà gba orúkọ rẹ̀ àtijọ́, Saint Petersburg.