Bill Traylor: Ọmọ ẹrú tó fi páálí àkúdànù pa àrokò ayé rẹ̀

Ní ọdún 1939, ẹni tó bá gba òpópónà Monroe kọjá nílùú Montgomery, ní ìpínlẹ̀ Alabama, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, yóò rí bàbá arúgbó kan tó jókòó lẹ́bàá títì, tó gbé páálí lé itan, tó ń fi pẹ́ńsù ya àwòrán. Bàbá náà ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, kò kàwé, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó kọ́ ọ níṣẹ́ àwòrán yíyà rí. Bill Traylor lorúkọ rẹ̀.

Nǹkan bí ọdún 1853 ni wọ́n bí i sí oko ẹrú ní Alabama. Orúkọ òyìnbó tó ni wọ́n lẹ́rú náà ló ń jẹ́ títí tó fi kú. Ọmọdé ṣì ni nígbà tí òfin fòpin sí ìkónilẹ́rú lọ́dún 1865. Òmìnira dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mú ilẹ̀ dání wá. Oko olóko ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ro kó tó ṣí lọ sí Montgomery ní ìparí àwọn ọdún 1920. Lọ́dún 1929, àwọn ọlọ́pàá pa ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ nílùú Birmingham. Nígbà tí ara di ara àgbà, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú òkú ló ń sùn sí lóru.

Ohun tí ojú rẹ̀ ti rí ló ń yà: ìbaaka, ajá tó ń bínú, ejò, ọ̀mùtí, àti àwọn tó ń sá nítorí pé wọ́n ń lé wọn. Láyé ọjọ́ náà, ewu ńlá ni fún aláwọ̀ dúdú láti la ẹnu sọ ìyà tó ń jẹ ẹ́. Traylor kò sọ ọ́. Ó pa á lárokò sórí páálí táwọn èèyàn ti dà nù.

Charles Shannon, ọ̀dọ́ òyìnbó tóun náà jẹ́ ayàwòrán, ló ń gbé ọ̀dà àti páálí wá fún un, tó sì ń kó àwọn àwòrán náà pamọ́. Wọ́n pàtẹ wọn ní Montgomery lọ́dún 1940, àti ní New York lọ́dún 1942. Níbẹ̀ ni ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ńlá kan ti fẹ́ fi dọ́là kan sí méjì péré ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Shannon kò gbà.

Ọdún 1949 ni Traylor jáde láyé. Wọn kò ri òkúta kankan sórí sàréè rẹ̀.

Ọdún 1982 ni òkìkí rẹ̀ tó kàn, nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn pẹ̀lú tàwọn aláwọ̀ dúdú mìíràn ní Washington. Ní ìlú yìí kan náà, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2018 wọ ọdún 2019, Smithsonian American Art Museum pàtẹ 155 nínú àwòrán rẹ̀, tí gbogbo wọn lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Irú àfihàn ńlá bẹ́ẹ̀ kò tíì wáyé rí fún ayàwòrán tí a bí sóko ẹrú.

Ọdún 2018 náà ni wọ́n tó ri òkúta sórí sàréè rẹ̀ ní Montgomery, lẹ́yìn ọdún 69. Ó pẹ́ kí orúkọ rẹ̀ tó hàn níbi tó sùn sí, ṣùgbọ́n àrokò tó fi sílẹ̀ kò parẹ́.