Oskar Barnack: Ẹni tó sọ kámẹ́rà ńlá di ohun tí ń wọ àpò

Láti ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹẹrẹ títí di ọjọ́ 12 oṣù Èrèlé ọdún 1977, àwọn èèyàn dúdú láti ìhà gbogbo láyé péjọ sí ìlú Èkó fún àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà tí gbogbo wa mọ̀ sí FESTAC. Nítorí àwọn àlejò náà ni ìjọba ṣe kọ́ Festac Town, tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Amuwo-Odofin lónìí. Àwọn ayàwòrán wà láàárín wọn. Marilyn Nance, tó bá ikọ̀ Amẹ́ríkà wá, ya nǹkan bí 1,500 àwòrán, ìwé tó kó iṣẹ́ náà jọ sì jáde ní ọdún 2022. Kí èèyàn tó lè máa rìn láàárín èrò kó sì máa yàwòrán lọ, kámẹ́rà gbọ́dọ̀ fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá tọpa irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ dé orísun, ọ̀dọ̀ ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ Oskar Barnack ni a ó dé. Ìtàn rẹ̀ kan ẹnikẹ́ni tó jogún kámẹ́rà àtijọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, tó sì ń wá lẹ́ǹsì tí yóò rà sí i.

Wọ́n bí Barnack ní ọjọ́ kìíní oṣù Bélú ọdún 1879 ní Lynow, abúlé kan ní agbègbè Brandenburg. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi í kọ́: nítòsí Berlin ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àwọn ẹ̀rọ wẹ́wẹ́ tí ìwọ̀n wọn kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Nígbà tó gba òmìnira, ó ń ti ibi iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wọn, kó tó wọ iléeṣẹ́ Zeiss ní ìlú Jena ní ọdún 1902.

Ó fẹ́ràn kó máa rin inú igbó àti orí òkè lọ yàwòrán. Ṣùgbọ́n àìsàn asimá, èyí tí kì í jẹ́ kí èèyàn mí délẹ̀, kò fún un ní gbẹdẹmukẹ. Ẹrù ni kámẹ́rà láyé ìgbà náà: àpótí ńlá, àwọn dígí pẹlẹbẹ tí wọ́n ń ya àwòrán sí, àti ẹsẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé e lé. Ibẹ̀ ni èrò kan ti sọ sí i lọ́kàn, pé kí àwòrán inú kámẹ́rà kéré, kí a sì sọ ọ́ di ńlá nígbà tí a bá ń tẹ̀ ẹ́ sórí pépà. Àìlera tó yẹ kó dá a dúró gan-an ló là á lọ́nà.

Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1911, ó bọ́ sí iléeṣẹ́ Leitz ní ìlú Wetzlar, níbi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Emil Mechau, ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tí dókítà fi ń wo kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni iléeṣẹ́ náà fi lórúkọ. Nígbà tó fi máa di ọdún 1914, Barnack ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kámẹ́rà kékeré kan tó ń lo fíìmù sinimá. Ó sọ àwòrán sinimá méjì di ẹyọ kan, ó wá jẹ́ mìlímítà 24 ní ìbú, 36 ní gígùn. Ìwọ̀n yìí ni ayé ń lò títí di òní. Ernst Leitz kejì, ọmọ ẹni tó ni iléeṣẹ́, gbé ọ̀kan dání lọ sí New York ní ọdún yẹn. Ogun àgbáyé ló dá ọ̀rọ̀ náà dúró. Nígbà tí omíyalé bo Wetzlar ní ọdún 1920, kámẹ́rà yìí ni Barnack fi ya ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọdún 1924 ni wọ́n tó pinnu. Owó ilẹ̀ Jámánì ṣẹ̀ṣẹ̀ dojú dé ni, ọ̀pọ̀ àwọn olùdámọ̀ràn sì kọ̀ jálẹ̀ pé iṣẹ́ tí kò dájú ni. Leitz kejì gbọ́ tẹnu gbogbo wọn tán, ó ní kí wọ́n ṣe é. Ní ìgbà ìrúwé ọdún 1925 ni wọ́n gbé Leica, ìyẹn kámẹ́rà Leitz, lọ sí ọjà àfihàn ìlú Leipzig. Max Berek, onímọ̀ ìṣirò, ló ṣe lẹ́ǹsì rẹ̀.

Lẹ́ǹsì àwọn kámẹ́rà àkọ́kọ́ yẹn kò ṣeé yọ. Ọdún 1930 ni wọ́n gbé èyí tó ṣeé yọ jáde, tí a ń yí wọ ọrùn kámẹ́rà bí ìdérí ìgò. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà tí wọ́n bá fi wọn lẹ́ǹsì kan nìkan ni lẹ́ǹsì náà bá mu. Ní ọdún 1931, wọ́n fi ẹnu ìwọ̀n náà kò: láti ọrùn kámẹ́rà dé ojú fíìmù yóò máa jẹ́ mìlímítà 28.8 gééré. Láti ìgbà náà, lẹ́ǹsì tí wọ́n ṣe fún òṣùwọ̀n yìí bá kámẹ́rà gbogbo tó bá a mu. Lọ́dún 1932, Leica kejì dé pẹ̀lú rangefinder: ẹni tó bá wo inú rẹ̀ yóò rí àwòrán méjì, yóò máa yí lẹ́ǹsì títí wọn yóò fi wọ inú ara wọn, nígbà náà ni ojú àwòrán tó mọ́ kedere.

Barnack kú ní ọjọ́ 16 oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1936 ní Bad Nauheim, ní ẹni ọdún 56. Ní oṣù Òkúdù ọdún 2022, wọ́n ta ọ̀kan nínú àwọn kámẹ́rà tó lò fúnra rẹ̀ ní gbàǹjo ní 14.4 mílíọ̀nù owó Yúróòpù.

Ìwọ̀n tí wọ́n fẹnu kò sí yẹn ni olùràjà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi léèrè, kó tó wo orúkọ tí wọ́n fín sára lẹ́ǹsì. Bí kámẹ́rà bá jẹ́ ti ìgbà tí wọ́n ń yí i padà yẹn, kó wo etí ọrùn rẹ̀. Òdo tí wọ́n bá tẹ̀ síbẹ̀ ló ń fi hàn pé ó bá òṣùwọ̀n mu. Leica M3 tó jáde ní 1954 ní ọrùn mìíràn. Lẹ́ǹsì oníyíyí àtijọ́ lè wọ̀ ọ́ pẹ̀lú òrùka tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí mìlímítà kan ni ìyàtọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì M kò lè wọ kámẹ́rà oníyíyí. Ẹni tí yóò bá fi M3 yàwòrán kó mọ̀ pé ìlà lẹ́ǹsì 50, 90 àti 135 ló wà nínú ojú rẹ̀. 50 ló sì yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́ǹsì Rọ́ṣíà kò wọ́n, ó sì lè yí wọ̀ ọ́ dáadáa, síbẹ̀ kí ojú àwòrán má mọ́ bí ohun tí a ń yà bá súnmọ́ni. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà FED àti Zorki ni wọ́n tún fín, tí wọ́n wá ń tà gẹ́gẹ́ bí Leica.

Lẹ́yìn èyí, kó ṣí ihò ìmọ́lẹ̀ lẹ́ǹsì tán, kó tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀yìn. Bí nǹkan bá hù sínú rẹ̀ bí òwú aláǹtakùn, irú èyí tí í hù lára búrẹ́dì tó bu, kó fi í sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ ẹlẹ́rìndòdò tó ń fẹ́ láti ọ̀sà àti àbàtà ìhà Festac àti Amuwo-Odofin ló ń fà á, àpò aláwọ sì ń mú un yára. Inú ike tó ní ìdérí líle ni kó tọ́jú lẹ́ǹsì sí, pẹ̀lú àwọn àpò kéékèèké tí ń fa omi, irú èyí tí í wà nínú páálí bàtà tuntun. Kó má sì ṣe fi kámẹ́rà sínú oòrùn láìdé ojú rẹ̀, nítorí oòrùn lè gba inú lẹ́ǹsì jó aṣọ tó bo fíìmù.

Kó tó sanwó tán, kó dojú kọ òpó tó jìnnà réré, kó wò ó bóyá àwòrán méjì náà wọ inú ara wọn nígbà tí lẹ́ǹsì bá dé òpin. Kó tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì, kó ya ìlà àárín láti nǹkan bíi mítà kan, kí ihò ìmọ́lẹ̀ wà ní ṣíṣí tán. Bí ìlà mìíràn bá mọ́ ju èyí tó dojú kọ lọ, lẹ́ǹsì àti kámẹ́rà kò bá ara wọn mu. Fíìmù kan péré ni ìdánwò yìí yóò ná an, kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ìgbéyàwó tàbí ti ìkómọ tí yóò bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́yìn ọ̀la.