Elliott Coues (1842–1899): Oníṣègùn Ọmọ Ogun àti Onímọ̀ Ẹyẹ

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá ìgbésí ayé Elliott Coues mu, nítorí orúkọ ẹyẹ ni ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí.

Ọjọ́ 9, oṣù Kẹsàn-án, 1842 ni a bí i ní ìlú Portsmouth, ìpínlẹ̀ New Hampshire, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní Washington ni ó dàgbà sí, níbi tí Spencer Baird ti ilé-iṣẹ́ Smithsonian ti tọ́ ọ sọ́nà nínú ìmọ̀ ẹyẹ. Ó gba oyè ìṣègùn ní 1863, nígbà tí ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́. Ní 1864, ó di oníṣègùn àwọn ọmọ ogun, wọ́n sì rán an lọ sí ibùdó Fort Whipple ní Arizona. Bí ó ti ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀ ni ó ń kó ẹyẹ jọ fún ìwádìí.

Ní 1872, ó tẹ ìwé kan jáde tí ó ṣe ìlànà bí ẹni tí ẹyẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò ṣe wo ẹnu, ẹsẹ̀ àti ìyẹ́ rẹ̀ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, títí yóò fi mọ irú ẹyẹ tí í ṣe. Èyí tí ó kan àwa olùkọ́ èdè jù ni ìwé rẹ̀ ti 1882. Nínú rẹ̀, ó tọpa orírun orúkọ ẹyẹ kọ̀ọ̀kan nínú èdè Gíríìkì àti Látìn, ó tún àkọtọ́ wọn ṣe, ó sì fi bí a ṣe ń pè wọ́n hàn.

Iṣẹ́ yìí ná an ní ohun púpọ̀. Ní 1880, àwọn ọ̀gá ológun dá a padà sí Arizona, níbi tí ó ti jìnnà sí ilé ìkàwé. Ní 1881, ó fi iṣẹ́ ogun sílẹ̀, owó oṣù rẹ̀ sì dópin. Ní 1883, òun, William Brewster àti J. A. Allen dá ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹyẹ Amẹ́ríkà sílẹ̀. Ó tún kọ ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ nípa ẹranko fún ìwé atúmọ̀-èdè ńlá tí a ń pè ní Century Dictionary.

Síbẹ̀, kò sí ẹni tí kò ní àléébù. Nígbà tí ó ń ṣe olóòtú ìwé ìrìnàjò Lewis àti Clark, tí ó jáde ní 1893, ó fi kálàmù tirẹ̀ kọ àtúnṣe sínú ojúlówó ìwé àfọwọ́kọ wọn. Àwọn onímọ̀ tí ó tẹ̀ lé e dá a lẹ́bi, nítorí ohun tí a bá ti fi yíǹkì bò kò rọrùn láti dá padà.

Ó kú ní Baltimore ní ọjọ́ 25, oṣù Kejìlá, 1899. Itẹ́ òkú Arlington ni wọ́n sin ín sí.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ayé rẹ̀ kọ́ wa. Èkíní ni pé kí a tètè gba orúkọ ẹyẹ, igi àti ẹja sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ọdẹ, àgbẹ̀ àti apẹja wa, pẹ̀lú ohùn tí ó yẹ, kí àwọn àgbà tó kọjá lọ. Èkejì ni pé bí a bá fẹ́ tún un ṣe, kí àtúnṣe wa wà lórí ìwé mìíràn. Ohun tí àgbà sọ gan-an ni kí ó wà nínú àkọsílẹ̀.