Oṣó Kirsten Hall: Bí ìwé àṣírí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń dé ọwọ́ Herbert Macaulay

Láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, bí àwọn aláṣẹ bá ti ilẹ̀kùn mọ́rí ṣèpàdé l'Ékòó, ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ kì í pẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn. Ẹni tó sábà máa ń wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ni Herbert Samuel Heelas Macaulay. Oṣó Kirsten Hall ni wọ́n ń pè é, Kirsten Hall sì ni orúkọ ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ni oògùn tí oṣó yìí ń lò.

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kọkànlá, ọdún 1864 ni wọ́n bí i l'Ékòó. Bàbá rẹ̀, Thomas Babington Macaulay, ló dá ilé-ẹ̀kọ́ CMS Grammar School sílẹ̀ lọ́dún 1859. Ìyá rẹ̀, Abigail, sì jẹ́ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Lọ́dún 1881, ó di akọ̀wé nílé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ òde, níbi tó ti ń to ìwé ìjọba lẹ́sẹẹsẹ. Ìjọba kan náà ló rán an lọ sí Plymouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Nígbà tó padà dé lọ́dún 1893, wọ́n fi í ṣe awọnlẹ̀ ìjọba, àmọ́ ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dún 1898.

Ó kúrò níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti mọ bí fáìlì ṣe ń rìn láti tábìlì kan dé èkejì. Ó ní àwọn tó ń ta á lólobó nínú ọ́fíìsì ìjọba, ó sì ń sanwó gidi fún wọn. Àkọsílẹ̀ ìpàdé, wáyà àti odindi fáìlì ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ewu ńlá ni fún ẹni tó bá gbé e wá, nítorí bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn.

Ilẹ̀ ló mú kí irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá lọ́wọ́ Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, Macaulay bá olóyè náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1920. Lọ́dún 1921, ìgbìmọ̀ Privy Council dá a pé àwọn ará ìlú ló ni ilẹ̀ náà, ìjọba sì san £22,500 gẹ́gẹ́ bí owó gbà-má-bínú.

Kì í ṣe pé ọkùnrin yìí kò ní àléébù. Lọ́dún 1913, ilé-ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n ọdún méjì lórí owó tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Nítorí èyí, nígbà tó dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ lọ́dún 1923, òun fúnra rẹ̀ kò lè díje. Lọ́dún 1927, òun àti Dókítà J. A. Caulcrick ra ìwé ìròyìn Lagos Daily News. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìwé ìròyìn náà gbé àhesọ jáde pé wọ́n fẹ́ pa Eléko Èṣùgbàyí. Kò sí ìwé kankan tó lè gbè é lẹ́sẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó sì lo oṣù mẹ́fà lẹ́wọ̀n.

Ọjọ́ keje, oṣù Karùn-ún, ọdún 1946 ló kú, lẹ́ni ọdún 81. Púpọ̀ nínú àwọn ìwé àṣírí wọ̀nyẹn wà ní ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn báyìí, àwọn onímọ̀ sì ń fi wọ́n kọ ìtàn.

Ìwé ilẹ̀ ṣì ń dá ìjà sílẹ̀ l'Ékòó. Ẹ rántí wàhálà Magodo lóṣù Kìíní ọdún 2022, lórí ìdájọ́ tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti ṣe látọdún 2012. Fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ síta lónìí, láìmọ ẹni tó tún lè kà á. Ìgbésí ayé Macaulay fi yé wa pé kò sí kọ́kọ́rọ́ tó lágbára ju ẹni tó mú un lọ́wọ́ lọ. Kí a tó fi ìwé àṣírí lé ará ìta lọ́wọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ẹni tó jẹ́. Kí a sì tó gbé ohun tó tẹ̀ wá lọ́wọ́ jáde, ẹ jẹ́ ká rí i dájú pé òótọ́ ni.